Àkísà Tí Owó Rà

Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nígbà tí àwọn àgbà pa òwe yìí, ó dá wọn lójú pé aṣọ nìkan ni owó lè rà. Àkísà ní tirẹ̀, ṣe ló máa ń dé bá ènìyàn díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún oko, ìkómọ, ìgbéyàwó àti òkú àgbà. Ẹni tó bá fẹ́ àkísà ní láti kọ́kọ́ pẹ́ láyé. Wọn kò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ọmọdé yóò kó owó dání, tí yóò sì ní kí wọ́n ta àkísà fún òun.

Ọjọ́ náà ti dé. Láàárín àwọn olówó òde òní, irú kan wà tí ọkọ̀ tuntun ti sú. Ó ní jíìpù, ó tún ní èyí tó ń sọ ibi tí yóò yà sí fún un. Ohun tó ń wá kiri báyìí ni Volkswagen tí à ń pè ní Ìjàpá, èyí tí bàbá ẹlòmíràn wà ní ayé ẹ̀kúnwó oṣù Udoji. Iṣẹ́ afẹ́ náà kò le láti ṣàlàyé: ènìyàn á wá ọkọ̀ tó ti gbó, á tún un ṣe títí yóò fi rí bí ọjọ́ tó jáde ní ilé iṣẹ́, á sì máa wà á ní Sátidé, bí òjò kò bá ṣú. Tó bá di ọjọ́ Ajé, jíìpù ló ń gbé e lọ sí ibi iṣẹ́.

Ó ti pẹ́ tí ohun ìrìnnà ti jẹ́ ohun ìyangàn ní gúúsù Èkìtì. Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tí ó sì fi Ìsẹ̀ ṣe ilé, gbẹ́ ilẹ̀kùn kan sí ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́. Lára ilẹ̀kùn náà, Ògògà jókòó pẹ̀lú àwọn ará ààfin rẹ̀, àjẹ́lẹ̀ òyìnbó kan, Captain Ambrose, sì ń bọ̀ lórí ohun tí àwọn ènìyàn gbé rù. Ọkọ̀ bọ̀gìnnì ìgbà náà nìyẹn: kì í mu epo, ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ ni táyà rẹ̀. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí ìpàtẹ ńlá tó wáyé ní Wembley. Ó wu àwọn British Museum, wọ́n sì fi ìtẹ́ kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pààrọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ọba. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ òmíràn rọ́pò. Òyìnbó gba ohun àtijọ́, ọba gba ohun tuntun, ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò pàdánù nǹkan kan. Ẹni tó gbẹ́ ti àkọ́kọ́ lè gbẹ́ èkejì.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí àwọn olùfẹ́ àkísà ń wá lónìí jẹ́ ti àárín ọdún 1970 sí 1980. Ní 1974, ìgbìmọ̀ tí Jerome Udoji ṣe alága rẹ̀ dámọ̀ràn pé kí ìjọba fi kún owó oṣù òṣìṣẹ́. Nígbà tí owó náà dé ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975, tòun ti àjẹẹ́lẹ̀, tíṣà àti akọ̀wé tó ń fi kẹ̀kẹ́ rìn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iye tí wọ́n ń ta mọ́tò. Ọdún 1975 kan náà ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́, ní Èkó, tí Peugeot sì bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Ìjàpá di ti òṣìṣẹ́, Peugeot 504 di ti ọ̀gá àti ti èrò. Àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí kì í tètè kú. Faransé jáwọ́ nínú ṣíṣe sàlúùnù 504 ní 1983, síbẹ̀ Kàdúná ń to tirẹ̀ nìṣó. Ìjàpá ní tirẹ̀ kò kúrò lórí ìlà iṣẹ́ títí di oṣù keje 2003, nígbà tí èyí tó kẹ́yìn jáde ní Puebla ní Mẹ́síkò, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe ohun tó lé ní mílíọ̀nù 21.

Ọ̀gá ilé ìwé tó ra Ìjàpá nígbà náà kò rà á fún fàájì. Ó fi gbé aboyún lọ sí ọsibítù ní òru, ó fi gbé iṣu bọ̀ láti oko, ó fi kó ọmọ ìyá méje lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nínú ìjókòó ènìyàn mẹ́rin. Báyìí ni aṣọ ṣe ń di àkísà.

Ríra ọkọ̀ náà ni ìpele kìíní, ibẹ̀ ni ọgbọ́n sì ti kọ́kọ́ ń yẹ̀ lọ́wọ́ olówó. Kò lè kó o wọlé láti òkè òkun, nítorí òfin àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù kò fàyè gba àlòkù ọkọ̀ tó ti lé ní ọdún 12. Èyí tí ìjọba ní ó ti gbó jù láti wọ ìlú ṣì jẹ́ ọmọ ìkókó lójú rẹ̀, nítorí náà ó gba abúlé lọ. Ọkọ̀ náà wà lẹ́yìn ilé, lábẹ́ igi máńgòrò, adìyẹ ti yé ẹyin sórí ìjókòó awakọ̀. Láti ọjọ́ tí bàbá ti kú, ẹnikẹ́ni kò bojú wò ó. Ṣùgbọ́n bí jíìpù olówó bá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà báyìí, irin tí wọn ì bá tà fún àwọn oníkọ̀ǹdẹ́mù di ogún bàbá.

Olówó á ní, “Bàbá, irin lásán ni ẹ rí yìí o.” Àgbà ilé á rẹ́rìn-ín. “Bó bá ṣe irin lásán ni, kí lo débí wá ṣe?”

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ìwé ọkọ̀. Orúkọ òkú ló wà lára rẹ̀, àwọn ọmọ tó ní ẹ̀tọ́ sí i sì wà ní Adó, ní Èkó àti ní Lọ́ńdọ̀nù. Gbogbo wọn ni wọ́n ní láti fọwọ́ sí i, ẹni tí kò fi kọ́bọ̀ kan ra táyà sí i rí ló sì máa ń pariwo jù. Bí ọkọ̀ bá dàgbà ju ìyẹn lọ, bíi Morris Minor tí wọ́n ṣe láti 1948 sí 1971, wàhálà mìíràn tún wà: ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárì rẹ̀ wà. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní ọwọ́ òsì títì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, àwọn ọkọ̀ tó ti wà ṣáájú ọjọ́ náà kò sì gbọ́ ìkéde. Ẹni tó bá wa irú rẹ̀ lónìí tó fẹ́ ya tírélà sílẹ̀ ní láti na gbogbo ọkọ̀ jáde kí ó tó lè rí ohun tó ń bọ̀ níwájú.

Ìpele kejì ni ti pánẹ́lì bítà. Ara Ìjàpá kì í jẹrà káàkiri, ó mọ ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, ní apá ọ̀tún, ni bátìrì rẹ̀ ń gbé. Ásíìdì á máa jò díẹ̀díẹ̀, omi òjò á sì bá a níbẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ìjókòó náà sókè, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọn yóò rí, kì í ṣe ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ibẹ̀ náà ni ewu tí àwọn onímọ́tò àtijọ́ mọ̀ dáadáa wà: bí ẹni tó sanra bá fi gbogbo ara jókòó, sípíríǹgì ìjókòó lè kan orí bátìrì, iná á sì sọ. Pánẹ́lì bítà yóò gé irin tó ti dógùn-ún kúrò, yóò gé páànù tuntun, yóò jó o mọ́ ọn, yóò fi òòlù pa á títí yóò fi tẹ̀ bí ó ṣe yẹ. Bí olówó bá ní kí ó fà á kí ó dán ju ti ilé iṣẹ́ lọ, kí àmì òòlù kankan má hàn, ìbéèrè kan ṣoṣo ni oníṣẹ́ máa ń ní: “Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ wà á ni, àbí ẹ fẹ́ máa wò ó?”

Ìdáhùn olówó ni pé òun fẹ́ méjèèjì, owó rẹ̀ sì ń bọ́ síbẹ̀. Ọ̀dà á lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ojú ibi tí ìlẹ̀kùn ti kan ògiri ilé ìjọ́sìn ní ọdún tí ọmọ kejì ṣe ìrìbọmi, wọ́n á fi bọ́dì fílà dí i. Àpá tí ìdè iṣu ha sí orí rẹ̀, wọ́n á yọ ọ́ kúrò. Nígbà tí wọ́n bá fi máa parí, gbogbo ohun tó mú kí ọkọ̀ náà jẹ́ ti àgbà ti dàpọ̀ mọ́ ekuru ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Olówó ra àkísà, ó sì san owó kejì kí wọ́n bá òun sọ ọ́ di aṣọ.

Ìpele kẹta ni ẹ́ńjìnnì, níbi tí owó ti ń dé gbèdéke ara rẹ̀. Mẹkáníìkì ìgbàlódé máa ń fi wáyà so ọkọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà kí ó lè sọ ibi tó ń dùn ún. Irú Ìjàpá yìí kò ní kọ̀ǹpútà tí wáyà bẹ́ẹ̀ lè bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, kò ní rédíétọ̀, kò mu omi. Atẹ́gùn ló ń tù ú. Bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló ń yí fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn náà àti ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì ní iná. Bí bẹ́líìtì yẹn bá já, tí iná pupa sì tàn níwájú awakọ̀, ẹni tó bá ní òun yóò rọra wà á délé ti pa ẹ́ńjìnnì náà. Tápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gba àlàfo mílímítà 0.15, ẹ́ńjìnnì sì gbọ́dọ̀ tutù pátápátá kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Àgbà mẹkáníìkì á dé ní àárọ̀ kùtù kí oòrùn tó ràn, á ti abẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo bọ̀ ọ́, á fa á síwá fa á sẹ́yìn. Ó mọ bó ṣe yẹ kó fún lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, á ṣáná sí i, á fi orí sukurudíráfà kan ara ẹ́ńjìnnì, á fi ìdí rẹ̀ sí etí, á sì sọ sílíńdà tó ń ṣàìsàn nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Wíwà á ni ìpele tó kẹ́yìn, òun ló sì kúrú jù. Títì tó gba Ìkẹ́rẹ́ kọjá láti Àkúrẹ́ lọ sí Adó ti jẹ́ ẹkún àwọn arìnrìn-àjò fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkọ̀ tí ọ̀dà rẹ̀ gbówó lórí tó ẹ̀kúnwó oṣù kì í fẹ́ kí kòtò mọ orúkọ òun. Ẹ́ńjìnnì 1300 kò ju agbára ẹṣin 50 lọ, nítorí náà òkè kékeré ti tó láti mú un kẹ́dùn. Epo sì tún wà níbẹ̀: nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún 2023, lítà tí kò tó 200 náírà fò kọjá 480 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ọkọ̀ tí bàbá fi ń lọ oko kò lè lọ jìnnà ju ibi àsè ìgbéyàwó lọ mọ́. Wọ́n á so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ọn, ìyàwó á ya fọ́tò níwájú rẹ̀, mọ́tò tó ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn ni yóò sì gbé ìyàwó délé.

Ìwà yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ eré ìdíje ọkọ̀ NASCAR, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948, ṣe ìdíje kan ní Charlotte ní oṣù kẹfà 1949 fún ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè rà lọ́jà, pẹ̀lú òfin pé kí ó wà bí ilé iṣẹ́ ṣe tà á. Glenn Dunaway ló ṣíwájú, ṣùgbọ́n wọ́n gba ipò kìíní lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí wọ́n ti yí sípíríǹgì ẹ̀yìn Ford rẹ̀ padà bí àwọn tó ń fi òru gbé ọtí tí òfin kò gbà ṣe máa ń ṣe. Àwọn tó gbé ògógóró sá fún ọlọ́pàá ní ayé òyìnbó yóò mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé ipò náà fún Jim Roper. Lónìí, irú àwọn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti di ohun tí olówó ń tún ṣe. Ọjà náà sì ti yí padà: nígbà mìíràn, èyí tí ọ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ ṣì ṣẹ́kù lára rẹ̀ máa ń gbówó lórí ju èyí tí wọ́n kùn lákọ̀tun. Ni àwọn kan bá ń sanwó fún ọ̀dà tó jọ ìdógùn-ún, gẹ́gẹ́ bí ọmọge ṣe ń ra jíìnsì tí wọ́n ti ya lórúnkún kí ó tó kúrò nínú ọ̀rá.

Ẹni tó bá fẹ́ rí àkísà gidi, kí ó gba ọ̀nà Ìsẹ̀ àti Èmùré lọ, níbi tí lọ́rì Mercedes 911 ti ń gbé pákó jáde. Àwọn mìíràn nínú wọn dàgbà ju awakọ̀ wọn lọ. Bí irú lọ́rì bẹ́ẹ̀ bá ń gun òkè, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ á bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú igi ìdènà lọ́wọ́, á máa sáré tẹ̀ lé táyà, kí ó lè tì í bọ̀ ọ́ bí ẹ́ńjìnnì bá juwọ́ sílẹ̀. Rọ́bà táyà ni awakọ̀ fi di páìpù, wáyà ló fi so sáléńsà. Kò sí ẹni tó pe ìyẹn ní afẹ́, kò sì sí ẹni tó wá ya fọ́tò níbẹ̀. Níhìn-ín ni òwe àwọn àgbà ti fìdí múlẹ̀: owó ra irin, ó ra ọ̀dà, ó ra oríyìn àwọn èrò ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò ra ọdún tó wà nínú ọwọ́ awakọ̀ yẹn, kò sì ra etí àgbà mẹkáníìkì.

Síbẹ̀, afẹ́ náà lè ní àǹfààní bí wọ́n bá tò ó bó ṣe yẹ. Ìjàpá àti 504 pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láyé tí a ṣì ń rí ẹ̀yà wọn rà. Ohun tó ń tán lọ ni àwọn tó mọ kábúrétọ̀ fọ̀ àti kọ́ńtáàtì wọ̀n. Ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ní kọ̀ǹpútà nìkan kò lè rọ́pò wọn, àgbà tó mọ̀ ọ́n kò sì rí ọmọ tí yóò jókòó tì í, nítorí iṣẹ́ náà kò mú oúnjẹ òòjọ́ wá. Olówó tó bá fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ tọkàntọkàn yóò kọ́kọ́ sanwó oṣù fún ọmọ iṣẹ́ méjì lọ́dọ̀ àgbà náà, kí wọ́n lè rí bí ó ṣe ń tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ àti bí ó ṣe ń tò ó padà. Ìnáwó yẹn ló yẹ kó ṣíwájú ọ̀dà.