Ìṣẹ́jú Méje Kò Ní Pé

Bí ẹ bá dárúkọ ìlú méjì níwájú mi, kí ẹ tó panu dé, mo ti fi fóònù wọn ọ̀nà tó wà láàárín wọn. Àṣà yìí ló kó bá mi nígbà tí à ń lọ ṣe ìdána àbúrò mi láti Ìlọrin sí Àkúrẹ́.

Nípàdé ẹbí, àwọn àgbà ní bọ́ọ̀sì yóò gbéra kílẹ̀ tó mọ́, torí ọ̀nà Òmù-Àrán, Ọ̀tùn àti Adó-Èkìtì kì í ṣe ọ̀nà à-ń-sùn-lọ. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ti rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé láti pápákọ̀ òfuurufú Ìlọrin sí ti Àkúrẹ́, 86 ni. Bàálù sì ń sá 800 kìlómítà ní wákàtí kan. "Ẹ̀yin bàbá, ìṣẹ́jú méje kò ní pé! Ẹ máa lọ, èmi yóò fò."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò bá mi jiyàn. Wọ́n kàn na lẹ́tà ìtọrọ ìyàwó sí mi. "Ìwọ lo máa kọ́kọ́ dé. Mú un dání."

Ẹ jọ̀ọ́, 86 yẹn kì í ṣe kìlómítà o. Máìlì ojú òkun ni, èyí tí àwọn awakọ̀ bàálù ń lò. Ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ 1.852 kìlómítà. Nǹkan bí 160 kìlómítà ló wà níbẹ̀, bí ẹyẹ bá fò ó gbọọrọ. Bàálù kì í sì í bẹ́ láti ilẹ̀ bọ́ sórí eré 800. Yóò kọ́kọ́ yí kiri lórí ọ̀dà, yóò gòkè díẹ̀díẹ̀. Nírú ọ̀nà kúkurú bẹ́ẹ̀, kò ní tíì gùnkè tán tí yóò ti máa sọ̀ kalẹ̀.

Ṣùgbọ́n kékeré nìyẹn. Nígbà tí mo dé ìdí káńtà pẹ̀lú agbádá lọ́rùn, ọmọbìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì wò mí títí. "Àkúrẹ́ kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, kò sí bàálù tó ń lọ ibẹ̀ tààrà láti ibí. Ẹ gba Èkó, tàbí kí ẹ gba Àbújá."

Àbújá á sún mọ́ 600 kìlómítà lálọ-yípo. Èkó ni mo mú: nǹkan bí 245 kìlómítà lọ, 230 mìíràn padà sí ìlà-oòrùn. Ẹ má bi mí pé èló ni. Ìrìn inú òfuurufú gan-an kò pẹ́. Ìjókòó ní Èkó ló jẹ ọjọ́ mi run. Wọ́n ní bàálù Àkúrẹ́ ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀. Fóònù mi kò sinmi: alága ìdúró ti wà lórí ìkúnlẹ̀, alága ìjókòó sì ń béèrè lẹ́tà. Lẹ́tà wà nínú báàgì mi, ó di rìbọ́ọ̀nù pupa. Wọ́n ya ewé kan nínú ìwé ọmọ iléèwé, wọ́n kọ òmíràn, alága ìjókòó sì bu owó ìtanràn lé gbogbo ẹbí wa lórí.

Pápákọ̀ Àkúrẹ́ wà lẹ́yìn ìlú, lọ́nà Ọ̀wọ̀, nítorí náà mo tún wọ takisí. Wọ́n ti ń kó kúlà sí bọ́ọ̀sì nígbà tí mo dé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi gba lẹ́tà náà, wọ́n yí i síwá-sẹ́yìn, wọ́n yin rìbọ́ọ̀nù rẹ̀.

"Owó ìtanràn ńkọ́?"

Mo fi owó náà ránṣẹ́ sí wọn lórí fóònù lójú ẹsẹ̀, mo ká agbádá, mo lọ jókòó sẹ́yìn bọ́ọ̀sì láàárín àwọn kúlà.