Ẹ Má Ya Nǹkan Kan

Ìlérí ńlá ni mo ṣe fáwọn òbí. Mo ní láàárín ọjọ́ mẹ́ta, àwọn ọmọ wọn á máa fi etí ya àwòrán. Ìgbà ìsinmi ni, wọ́n sì gbà mí gbọ́. Ọmọ mọ́kànlá ni wọ́n kó fún mi, wọ́n jókòó sórí ẹní nínú fàráńdà wa ní Òṣogbo, kálukú di àlùmọ́gàjí mú bí ẹni tó ń retí ogun.

Òṣogbo gan-an ló kó sí mi lórí. Ẹni tó bá ń gbé ìlú tí Georgina Beier ti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ ọnà lọ́dún 1964, tí irú Twins Seven-Seven àti Jimoh Buraimoh ti ibẹ̀ yọ, kò ní pẹ́ tí á fi máa rò pé òun náà lè tọ́ ẹnì kan yọ. Mo wá gbọ́ nípa Henri Matisse, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí iṣẹ́ abẹ sọ di ẹni tí kò lè dúró pẹ́ mọ́, tó wá ń fi àlùmọ́gàjí gé bébà aláràbarà, tó ń lẹ̀ wọ́n pọ̀ di àwòrán. Lọ́dún 1947, ogún irú rẹ̀ jáde nínú ìwé kan tó ń jẹ́ *Jazz*. Ogún àwòrán orin! Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́ fáwọn òbí. Àṣé orúkọ ìwé nìkan ni mo kà. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́ tán ni mo tó wo inú rẹ̀: ọ̀pọ̀ nínú àwọn àwòrán náà, eré sáàkọ́ọ̀sì ni. Erin, aláwàdà, ẹni tó ń ju ọ̀bẹ.

Wàhálà àkọ́kọ́, ẹnu mi ló fà á. Mo fẹ́ sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe igi, kí wọ́n má ṣe ilé, kí wọ́n má ṣe mọ́tò. Ohùn tí wọ́n bá gbọ́ ni kí wọ́n wá àwọ̀ fún. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, “Ẹ má ya nǹkan kan.” Mo tan orin Sunny Adé. Gìtá ń dún, bébà ń já wàrà-wàrà, àfi ọmọ ọdún méje kan tó káwọ́ lẹ́rán, tí páálí rẹ̀ funfun báláú.

“Kí ló dé?”

“Ẹ ní ká má ya nǹkan kan.”

Títí dòní, iṣẹ́ tiẹ̀ nìkan ló tẹ̀lé òfin mi.

Ẹ jẹ́ n yára sọ ti ewúrẹ́. Gúlù wọ́n, mo bá po sítáàṣì gbágùúdá, mo gbé e kaná títí ó fi ki bí ẹ̀kọ. Ó lẹ̀ lóòótọ́. A sá iṣẹ́ ọjọ́ kìíní sí àgbàlá. Nígbà tí mo jí lọ́jọ́ kejì, ewúrẹ́ aládùúgbò ti jẹ mẹ́jọ, ó ń lá ìkẹsàn-án. Ọmọ kan bú sẹ́kún. Mo ní kó má sunkún, pé ewúrẹ́ fẹ́ràn jùjú ni.

Bébà aláràbarà ti tán sínú ewúrẹ́. Mo gba ọ̀dọ̀ màmá aránṣọ iwájú ilé lọ.

“Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Àjákù aṣọ ni mo wá tọrọ fáwọn ọmọ.”

Abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu màmá, wọn ò lè fèsì. Wọ́n fi àgbọ̀n júwe ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Báàgì Ghana-must-go méjì ló wà níbẹ̀. Mo gbé èyí tó mọ́ jù. Ẹni tó ní làákàyè ì bá bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí wọ́n fi fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí àjákù, tí wọ́n sì ká a ní méjì-méjì.

Lọ́jọ́ náà mo pa jùjú tì. Mo rò pé orin tó ní ọ̀rọ̀ nínú ló ń tì wọ́n sídìí igi àti mọ́tò. Mo ti gba dùndún sórí fóònù níbi ìnáwó kan: ìyáàlù ń ké, ṣaworo etí rẹ̀ ń mì, gúdúgúdú ń sáré tẹ̀lé e.

“Kò sọ́rọ̀ níbí o,” ni mo wí. “Ohùn lásán ni.”

Ọmọ Yorùbá ló sọ bẹ́ẹ̀ o, ní Òṣogbo, níwájú ẹlẹ́rìí mọ́kànlá. Ọmọbìnrin kan tí Àyàn bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ wò mí bí ìgbà téèyàn ń wo àgbàlagbà tó wọ bùbá sódì. Kò bá mi jiyàn. Ó yí sáwọn yòókù, ó sọ nǹkan kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, gbogbo wọn bá ki àlùmọ́gàjí bọ àǹkárá.

Ẹ wá wo ayọ̀ mi! Igun mẹ́rin lé igun mẹ́rin, pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró, wọ́n tò wọ́n kún páálí. Kò sígi, kò sí mọ́tò. Mo rántí Mondrian, ọmọ ilẹ̀ Netherlands tó sá ogun lọ sí New York, tí orin boogie-woogie wọ̀ lára débi pé ní 1943 ó parí àwòrán kan tó kún fún igun mẹ́rin wẹ́wẹ́, tó sì fi orin náà sọ ọ́ lórúkọ. Mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sáwọn òbí kíákíá. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá béèrè.

“Èyí pupa yìí, ohùn ìyáàlù ni àbí ti gúdúgúdú?”

“Owó ni, bọ̀ọ̀dá.”

“Owó báwo?”

“Ìlù ń bá ẹnì kan wí. Ó ní fóònù kọ́ ni wọ́n ń nà sí onílù, kó náwó. Ẹ gbọ́, ó tún ti sọ ọ́.”

Mo fetí sílẹ̀. Ó tún ti sọ ọ́. Èmi ni mo dúró síwájú onílù lọ́jọ́ náà, tí mo na fóònù sókè, tí mò ń mirí bí ẹni tó gbọ́ ọ. Muraina Oyelami ti Ìràgbìjí, tó jẹ́ ayàwòrán tó tún ń lu dùndún, ì bá ti kówó jáde láti ẹ̀ẹ̀kan.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí màmá aránṣọ yọ, abẹ́rẹ́ ti kúrò lẹ́nu wọn, obìnrin kan sì tẹ̀ lé wọn.

“Ọmọ mi, báàgì wo lo gbé?”

Aṣọ oníbàárà ni, wọ́n ti gé e tán, rírán ló kù. Ọjọ́ Sátidé ni obìnrin náà máa wọ̀ ọ́ lọ sí ìgbéyàwó. Ó wo àwọn páálí náà títí.

“Apá bùbá mi dà?”

Ọmọ ọdún méje wa ló fìka hàn án. “Ẹgbẹ̀rún kan náírà nìyẹn, mà.”

“Ọrùn ńkọ́?”

“Wọ́n ti ná ìyẹn.”

Mo san owó yáàdì mẹ́fà lójú ẹsẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó tì í sí àyà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn páálí náà há abíyá.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo ti sanwó o.”

“Owó aṣọ lo san,” ó ní. “Owó tó wà lára páálí yìí, tèmi ni.”