Ibà Mi Di Àwòṣífìlà ní Lọ́ńdọ̀nù

Ta ni kò mọ ibà nínú wa? Bí ẹnu bá ti ń korò, tí oríkèé ara ń ro èèyàn, tó da bùláńkẹ́ẹ̀tì bora lọ́sàn-án gangan tó tún ń gbọ̀n, ìyá ẹni kò ní béèrè ìbéèrè kejì. Ọmọ kékeré ni yóò rán sí kẹ́míìsì ìta: "Wọ́n ní kẹ́ ẹ fún wa ní oògùn ibà àgbàlagbà." Ẹni tó wà nídìí káńtà á bi í pé ti èló. Bí ibà náà bá kọ̀ tí kò lọ, àgbo dóńgóyárò ń hó lórí iná, ìyẹn sì korò tó bẹ́ẹ̀ tí ara á fi yá èèyàn kí wọ́n má baà bu ife kejì fún un.

Èyí tó mú mi láìpẹ́ yìí, Lọ́ńdọ̀nù ló ti mú mi, ojú mi sì rí nǹkan. Ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo lọ bá wọn ṣe n'Íbàdàn. Mo jẹ, mo mu, mo jó, ẹ̀fọn náà jẹ tirẹ̀. Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́ kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ẹni tó bá ti pẹ́ níbí, ara rẹ̀ ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń bá ibà jà. Èyí tí wọ́n ń gbé rìn lọ sọ́jà nílé lè dá irú wa dùbúlẹ̀ pátápátá.

Mo kọ́kọ́ gba kẹ́míìsì àdúgbò lọ ní Peckham, ó ṣe tán, ọmọ ilé ni mí. Mo ní kí wọ́n fún mi ní oògùn ibà. Oníkẹ́míìsì wò mí bí ẹni tó béèrè ìbọn. Láti January 2024 ni wọ́n ti gba àwọn oníkẹ́míìsì England láyè láti tọ́jú àìsàn méje láìjẹ́ pé èèyàn rí dókítà. Ojú ibi tí kòkòrò ti jẹni tó wá kẹ̀ wà nínú méje yẹn. Ibà tí ẹ̀fọn kó síni lára kò sí níbẹ̀. Ó ní ọsibítù ni kí n máa lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí n má wulẹ̀ dúró de dókítà àdúgbò. Ìyẹn tiẹ̀ dùn mọ́ mi, torí dókítà àdúgbò wa, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n ní ká máa pè é, gbogbo ìlú ló sì ń pè é ní aago mẹ́jọ. Kó tó kàn ọ́, akọ̀wé á ní ààyè ti tán, kó o pè lọ́la, ní aago mẹ́jọ.

Mo dé ẹ̀ka pàjáwìrì ọsibítù kan. Ìlànà wọn ni pé kí wọ́n ti yanjú ọ̀rọ̀ ẹni tó bá wọlé láàárín wákàtí mẹ́rin, ṣùgbọ́n láti 2015 ni England ò ti lé òṣùwọ̀n yẹn bá mọ́, nítorí náà mo kó omi àti bisikíìtì dání. Mo jókòó ti ọ̀gbẹ́ni kan tí ọtí gbé sùn. Mo ti gba kádàrá, ni nọ́ọ̀sì tó ń yẹ àwọn aláìsàn wò lẹ́nu ọ̀nà bá bi mí bóyá mo ti rìnrìn àjò láìpẹ́.

"Nàìjíríà," ni mo wí.

Bíró dúró lórí ìwé. Àga onítáyà tó jókòó lé bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi kan ògiri. Kí n tó mọ̀, ìbomú ti wà lẹ́nu mi, wọ́n sì ti ń mú mi lọ sí yàrá ti èmi nìkan. Àwọn tó ti jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ ń fojú ìlara wò mí. Wọn ò mọ̀ pé àtìmọ́lé ni mò ń lọ.

Dókítà dúró sẹ́yìn gíláàsì, ó fi fóònù bá mi sọ̀rọ̀. Ṣé eku wà nínú ilé tí mo sùn? Mo ní ilé wo ni kò sí eku? Ṣé mo fọwọ́ kan eku? Mo ní eku gan-an ò jẹ́ dúró. Ṣé mo jẹ ẹran ìgbẹ́? Ibí ni ẹnu mi ti kó bá mi. Ọ̀yà wà nínú ọbẹ̀ níbi ìnáwó náà, ọ̀yà tó sanra dáadáa, mo sì ròyìn rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Ó dákẹ́. Ó kọ̀wé, ó kọ̀wé, kò gbójú sókè.

Ká má purọ́, wọ́n ní ìdí. Ibà Lassa ni wọ́n ń sá fún. Ìlú Lassa ní Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní 1969, eku ló ń gbé e kiri, ní February 2022 ó sì dé England níbí, lára ìdílé kan tó ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bọ̀, ẹ̀mí sì bá a lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí orí ń fọ́ kì í ráyè ro irú èyí. Oògùn ibà ni mo ń bẹ̀ wọ́n fún.

Lóru ni nọ́ọ̀sì kan wọlé. Ó wọ aṣọ ààbò láti orí dé ẹsẹ̀, ẹyinjú nìkan ló hàn. Ó ka orúkọ mi lára fáìlì, ó sì pè é bí bàbá mi ṣe ń pè é. Mo dìde jókòó wùyà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ibà ni gbogbo ariwo yìí?"

"Arábìnrin mi, ẹ gbà mí."

"Wọ́n kọ ọ́ síbí pé ẹ jẹ ẹran ìgbẹ́."

"Ọ̀yà ni. Níbi ìnáwó."

"Ẹ má tún sọ ọ́ mọ́ o. Wọ́n á gbé yín lọ síbi témi gan-an ò ní lè débẹ̀."

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni èsì ẹ̀jẹ̀ dé. Dókítà ọ̀dọ́ kan já wọlé tẹ̀rín-tọ̀yàyà: ibà ẹ̀fọn ni, falciparum! Díẹ̀ ló kù kó kí mi kú oríire. Ó ní tí kò bá ni mí lára, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ wá wò mí. Wọ́n tò wọlé. Wọ́n tẹ̀ mí lábẹ́ ìhà òsì, wọ́n ṣí ìpéǹpéjú mi wò, wọ́n ń mi orí síra wọn. Ọmọbìnrin kan tó ní ìwé lọ́wọ́ bi mí jẹ́jẹ́ pé báwo ló ṣe máa ń rí lára.

Mo ní, "Bí ibà."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Mi ò dá wọn lẹ́bi. Gbogbo ibà tí wọ́n rí lára àwọn èèyàn ní gbogbo Bìrìtéènì ní 2023 kò ju 2,000 àti díẹ̀ lọ, òkèèrè ni wọ́n sì ti gbé e wọlé. Àwa ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé ní tí wọ́n bá pín ibà gbogbo ayé sọ́nà mẹ́rin, ti Nàìjíríà nìkan tó nǹkan bí ìdá kan.

Màmá mi pè lórí WhatsApp. "Abẹ́rẹ́ mélòó ni wọ́n ti gún ọ?" Mo ní wọn ò gún mi, oògùn oníhóró ni wọ́n ní kí n máa lò. Wọ́n dákẹ́. "Wọn ò fa omi sí ọ lára náà?" Mo ní rárá. "Ọmọ mi, ṣé dókítà gidi ni wọ́n?" Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, wọ́n ti fi orúkọ mi ránṣẹ́ sí pásítọ̀.

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tí mo pa fóònù tán, ẹ̀rín ò wá mọ́. Búrẹ́dì tútù tí wọ́n fi wàràkàṣì há láàárín ni wọ́n gbé síwájú mi. Tó bá jẹ́ ilé ni, ìyá tó ń tọ́jú ọmọ rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀dì kejì á ti bu ẹ̀kọ gbígbóná fún mi nínú fúláàsì rẹ̀, kò sì ní mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Ẹni tó wá kí ẹlòmíràn á yà kí mi, á ní Ọlọ́run á fọwọ́ tó tútù kàn mí. Níbí, yàrá mọ́ tónítóní, kò sì sẹ́ni tó bi mí bóyá mo ti jẹun, àfi kí wọ́n lè kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì wa tún dé lóru, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yin ilé fún un. Ó jẹ́ kí n yìn ín tán. "Ẹ̀gbọ́n, ọsibítù jẹ́nẹ́rà ni mo ti ṣiṣẹ́ nílé. Ibà yìí náà ló pa ọmọ kan mọ́ mi lọ́wọ́. Bàbá rẹ̀ lọ wá owó tí wọ́n máa fi ra ẹ̀jẹ̀. Ó rí owó náà o, ó kàn pẹ́ ni." Ó ka bí ara mi ṣe gbóná tó, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó jáde.

Inú ló wá ń bí mi. Òfin ìlera tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní 2014 ní ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ aláìsàn pàjáwìrì, ohun yòówù kó fà á. Ẹ gbé aláìsàn dé ẹnu ọ̀nà kẹ́ ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe dìpọ́síìtì. N'Ábújà ni àwọn olórí Áfíríkà ti pàdé ní 2001, tí wọ́n ní àwọn á máa ya ìdá 15 nínú 100 owó ìṣúná sọ́tọ̀ fún ìlera. Àwa la gbàlejò wọn, ìjọba àpapọ̀ wa ò sì tíì dé ibẹ̀ rí. Nọ́ọ̀sì tó mọ ibà lójú bá kẹ́rù, ó wá sí Lọ́ńdọ̀nù, ó wá ń tọ́jú èmi tí ẹ̀fọn Ìbàdàn jẹ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí n máa lọ, mò ń wá kaṣíà kiri. Wọ́n ní n kò jẹ gbèsè kankan. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tan ara rẹ̀ pé ọ̀fẹ́ ni o: láti February 2024, £1,035 lọ́dún ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ń bọ̀ wá gbé níbí ń san fún ìlera kí wọ́n tó fún wọn ní físà, ọmọdé £776, owó orí tún wà lẹ́nu iṣẹ́. A ti sanwó. Wọn kàn kì í gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń gbọ̀n lọ́wọ́ ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ sílé ní December, ẹ ra oògùn tí ń dènà ibà kẹ́ ẹ tó wọ bàálù. Tí ara yín bá gbóná lẹ́yìn tẹ́ ẹ padà dé, kódà kó ti tó oṣù mélòó kan, ẹ sọ lẹ́nu ọ̀nà pé Nàìjíríà lẹ ti dé, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún ibà. Tí wọ́n bá béèrè ọ̀rọ̀ ẹran ìgbẹ́, òtítọ́ ni kẹ́ ẹ sọ, àmọ́ kẹ́ ẹ mú ṣájà fóònù dání, nítorí ẹ máa pẹ́ nínú yàrá yẹn.