Àfòmọ́ Inú Ìwé Eré

"Bọ̀dá, irú ẹ̀dá wo lẹ fẹ́ jẹ́?"

Ìbéèrè tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bi mí nìyẹn ní Peckham, lálẹ́ Sátidé kan tí mo lọ kí ìyá rẹ̀. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ti kó ìwé sórí tábìlì oúnjẹ, dáìsì olójú 20 sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ṣinṣín. Dungeons & Dragons ni wọ́n fẹ́ ṣe. Mo ní ènìyàn ni mo fẹ́ jẹ́. Àbí kí n ní ewúrẹ́ ni? Ni àwọn ọmọ bá ń wojú ara wọn. Ọ̀kan fi àánú sọ fún mi pé kò burú, ènìyàn rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré.

Mo gba ìwé náà, ti ọdún 2014. Elf ń ríran nínú òkùnkùn, idán tí a fi ń kun ènìyàn lóorun kì í mú un, wákàtí mẹ́rin péré ló fi ń sinmi lóru, ó sì lè lo 750 ọdún láyé. Aràrá? Májèlé kì í fi bẹ́ẹ̀ ran ara rẹ̀, ó sì mọ ìtàn òkúta bí arọ́kin ṣe mọ ìtàn ọba. Halfling ńkọ́? Bí dáìsì rẹ̀ bá já sí 1, wọ́n ní kó tún un ta! Mo ṣí ewé dé ọ̀dọ̀ ènìyàn, àyà mi ń já. Kí ni mo bá? Ẹ fi 1 kún ohun gbogbo. Agbára, 1. Òye, 1. Ìfaradà, 1. Ènì ni wọ́n fún wa! Bí ẹni ra gààrí lọ́wọ́ oníwọra.

Èdè wa ńkọ́? Elf ní tirẹ̀, aràrá ní tirẹ̀. Tiwa, Common lorúkọ rẹ̀, èdè tí elf àti aràrá náà ń sọ. Wọ́n wá ní kí á mú èdè ẹlòmíì kan kún un.

Ibẹ̀ lòwe bọ́ sí mi lẹ́nu: àfòmọ́ kò légbò, gbogbo igi ní í bá tan. Ẹni tí kò ní ìdí kan ló ń pe gbogbo ayé ní ẹbí. Ẹ ṣáà wo ìwé náà: ààbọ̀ elf wà níbẹ̀, ààbọ̀ tó kù, ènìyàn ni. Ààbọ̀ orc wà, ààbọ̀ tó kù, ènìyàn náà ni. Elf àti aràrá kò bímọ fún ara wọn. Àwa nìkan la lẹ̀ mọ́ gbogbo igi inú igbó.

Ká ní elf ló kọ ọ́, mi ò bá ní ó ń fi wá ṣẹ̀sín. Ènìyàn ló kọ ọ́! Gary Gygax àti Dave Arneson ló ṣe eré náà, TSR ní Lake Geneva, Wisconsin, sì gbé e jáde lọ́dún 1974. Wọ́n fẹ́ kí ayé inú eré jẹ́ ti ènìyàn. Kàkà kí wọ́n wá ẹ̀bùn fún un, ẹsẹ̀ àwọn yòókù ni wọ́n so: aràrá kò gbọdọ̀ kọjá ìpele 6, hobbit, ìyẹn halfling, kò gbọdọ̀ kọjá 4. Elf ńkọ́? 4 nídìí ogun, 8 nídìí idán. Ènìyàn nìkan ni kò ní òpin. Ẹni tó ti ń fi idà ṣeré kí bàbá bàbá wa tó dáyé, ẹ ní kó jókòó sí kíláàsì kẹrin títí ayé! Bàbá tí ọmọ rẹ̀ ń gbẹ́yìn ló lọ bẹ tíṣà pé kó so ọmọ aládùúgbò mọ́ bẹ́ǹṣì.

Wọ́n tú okùn náà lọ́dún 2000, wọ́n wá fún ènìyàn ní feat kan lé, ìyẹn ẹ̀ka ọgbọ́n àrà ọ̀tọ̀ kan. Ìwé 2014 náà ní irú ènìyàn kejì tó ń gba feat, àwọn ọ̀jẹ̀ inú eré sì dà bò ó. Kì í ṣe ìfẹ́ ọmọ ènìyàn ló gbé wọn débẹ̀ o. Jọ̀lọ́ọ̀fù ni wọ́n tìtorí ẹ̀ lọ síbi òkú.

Ohun tó ká mi lára jù ni ti ìran. Ìran ènìyàn mẹ́sàn-án ló wà nínú ìwé 2014, orúkọ wọn yàtọ̀ síra, ènì kan náà ni gbogbo wọn ń gbà. Elf inú igbó ní ẹ̀bùn tí àwọn elf yòókù kò ní! Ẹ wá sọ fún èmi tí ìyá mi kì í jí láàárọ̀ láìki oríkì mi pé ènìyàn kò ní nǹkan kan tó jẹ́ tirẹ̀. Nílé Àjàlá pàápàá, níbi tí a ti ń yan orí, ta ni wọ́n fún ní 1 lórí ohun gbogbo? Ẹlòmíì mú orí tí kò jiná, òjò ayé ló fi hàn án. Ẹni tó kọ ìwé yìí ka ara rẹ̀ sí omi lásán, àwọn ará yòókù ló ní adùn.

Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ka àwọn ẹ̀dá tí èrò ti ṣe sórí D&D Beyond, ìkànnì eré náà, lọ́dún 2017, ènìyàn ni wọ́n yàn jù, ènìyàn tó jẹ́ jagunjagun ló sì wọ́pọ̀ jù lọ. Ẹ gbé 750 ọdún síwájú òmùgọ̀ yìí, ẹ fún un lójú tó ń ríran lókùnkùn, ó ní ènìyàn lòun fẹ́ jẹ́ ṣáá. Kí ni n ó ti ṣe é? Mo fẹ́ràn rẹ̀.

Ìwé tuntun dé lọ́dún 2024. Ààbọ̀ elf àti ààbọ̀ orc ti kúrò níbẹ̀, wọ́n ti já àfòmọ́ lára igi. Ènìyàn gba feat, ó gba ìmọ̀ iṣẹ́ kan, ó sì gba èyí: bó bá sùn dáadáa tó jí, ó ti ní Heroic Inspiration tó lè fi tún dáìsì ta. 50 ọdún gbáko ni wọ́n fi yẹ̀ wá wò, wọ́n rí i pé ohun tí a mọ̀ ọ́n ṣe ni ká sùn ká jí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ra ìwé náà. Ó pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ṣé dáadáa lẹ jí?"

Mo ní mo jí dáadáa.

"Ẹ ti gba tiyín nìyẹn."