Ẹ Gbé Kámẹ́rà Yín Kúrò Lẹ́nu Mi

Ẹ̀yin oníkámẹ́rà òde àríyá, kí ni mo ṣe fún yín? Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́, ìyàwó ń jó, wọ́n ń náwó fún olórin, àfi ẹnu èmi tí mo ń fa pọ̀nmọ́ ya lẹ rí sún mọ́! Nígbà tí fídíò jáde, ẹ̀kán epo tó wà ní igun ètè mi tóbi tó àwo ọbẹ̀. Ìyá ìyàwó mi ní kí wọ́n dá a padà, kí òun tún un wò.

N ò ní kí kámẹ́rà má sún mọ́ èèyàn o. Ní 1928, Carl Theodor Dreyer, ará Denmark, ṣe fíìmù kan lórí ìgbẹ́jọ́ Joan of Arc. Ojú Renée Falconetti, òṣèré tó ṣe Joan, ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á tán, Dreyer ò sì jẹ́ kí wọ́n fi àtíkè kùn ún. Fíìmù ọ̀hún ò fọhùn, síbẹ̀ bí omijé bá lé ròrò sójú obìnrin yẹn, kò sẹ́ni tó ń béèrè ohun tó ń dùn ún. Sergio Leone, ọmọ Ítálì, náà kó ọkùnrin mẹ́ta sí itẹ́ òkú nínú The Good, the Bad and the Ugly, ní 1966. Òkèèrè ló ti kọ́kọ́ fi wọ́n hàn wá, ká mọ ibi tí kálukú dúró. Ẹ̀yìn náà ló wá sún mọ́ ọwọ́ tó ń rá lọ síbi ìbọn, àti ẹyinjú tó ń yí sọ́tùn-ún sósì. Ìbọn ò tíì dún, àyà wa ti já.

Tiwa wá ńkọ́? Nínú fíìmù àgbéléwò, baálé gbọ́ pé ilé òun jó: kámẹ́rà sún mọ́ ojú rẹ̀, gbì! Ó tún sún, gbì! Kó tó lanu, mo ti ka irun imú rẹ̀ tán. Ìyàwó ní ata ti tán: gbì! Bí ata tó tán àti ilé tó jó bá ń gba gbì kan náà, èwo ni kí n sunkún sí?

Ti fóònù tiẹ̀ tún yàtọ̀. Ibi tó fẹ̀ ni lẹ́ńsì rẹ̀ ń kó, àfi kéèyàn gbé e sún mọ́ra kí ojú tó kún àwòrán. Imú tó ṣáájú á wá wú, etí á sá sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ fọ́tò yà fi ń lo lẹ́ńsì bíi mílímítà 85, tí wọ́n á rọra dúró sọ́ọ̀ọ́kán. Ọmọ tèmi ò dúró sọ́ọ̀ọ́kán. Abẹ́ àgbọ̀n ló ti ya bàbá rẹ̀, ó sì jù ú sórí WhatsApp ẹbí. Ká tó ṣẹ́jú, àbúrò mi tó wà ní Peckham ti fèsì: “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi. Ìgbà wo ni imú yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í wú?”