Ìka Kò Dọ́gba, Ta Ló Ń Wọn Ìka?

“Ìka kò dọ́gba” ni àwọn àgbà fi máa ń pẹ̀tù sí aáwọ̀. Wọ́n pín ẹran, tìẹ kéré: ìka kò dọ́gba. Ọmọ aládùúgbò yege ìdánwò, tìẹ fìdí rẹmi: ìka kò dọ́gba. Òwe náà tuni lára, àgàgà bó bá jẹ́ ẹni tí tiẹ̀ pọ̀ ló ń pa á. Àmọ́ n kò rò pé ẹni tó kọ́kọ́ pa á mọ̀ pé àwọn Amẹ́ríkà máa kó ìka márùn-ún jọ lọ́jọ́ kan, kí wọ́n sì fi òfin dè é pé kí ọlọ́wọ́ rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ láìṣàbòsí, látorí èyí tó gùn jù dé èyí tó kúrú jù.

Bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá orí iyanrìn ni mò ń wí, èyí tí àwọn ọmọbìnrin yunifásítì ń gbá lọ́hùn-ún. NCAA, ẹgbẹ́ tó ń bójú tó eré ìdárayá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga wọn, bẹ̀rẹ̀ ìdíje àṣekágbá rẹ̀ lọ́dún 2016 ní Gulf Shores, ìpínlẹ̀ Alabama. Yunifásítì USC ló kọ́kọ́ gbà á. Èèyàn méjì-méjì ní í gbá a. Ẹ jẹ́ ká máa pè wọ́n ní ìbejì. Ìbejì márùn-ún ni ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ń kó wá. Àkọ́kọ́ á kojú àkọ́kọ́, ìkejì á kojú ìkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ìkarùn-ún, ilé tó bá sì rí mẹ́ta gbà nínú márùn-ún ló borí.

Ibẹ̀ ni èṣù gbé wọlé. Ayò tí àwọn ìkarùn-ún bá jẹ, bákan náà ni òun àti ti àwọn àkọ́kọ́. Kí ló wá dé tí kóòṣì á fi kó akọni rẹ̀ lọ bá akọni, nígbà tó lè fi ọ̀lẹ rẹ̀ bọ ẹnu ẹkùn, kí àwọn tó kù sì sún wálẹ̀ lọ pa ẹran tútù?

Àwọn ará Ṣáínà ti ta ọgbọ́n yìí ní ohun tó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn. Ọ̀gágun Tian Ji ń bá ọba ilẹ̀ Qi ta tẹ́tẹ́ ẹṣin, ìsáré mẹ́ta. Sun Bin gbà á nímọ̀ràn pé kó fi ẹṣin rẹ̀ tó burú jù bá èyí tó dára jù nínú ti ọba sáré, kó fi èyí tó dára jù bá ti àárín, kó sì fi ti àárín bá èyí tó burú jù. Ó pàdánù ẹ̀ẹ̀kan, ó jẹ ẹ̀ẹ̀mejì, ó gbowó ọba lọ sílé. Títí di òní ni wọ́n ń yin Sun Bin. Kò sẹ́ni tó béèrè bó ṣe rí lára ẹṣin tó burú jù.

Èmi lè sọ ọ́, nítorí mo ti jẹ ẹṣin yẹn rí. Ní Manigri, ìlú wa ní orílẹ̀-èdè Benin, àwa ọmọ àdúgbò Ikanni máa ń bá àwọn ọmọ àdúgbò Oké jìjàkadì lórí iyanrìn odò, márùn-ún sí márùn-ún. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ló máa ń tò wá. Lọ́jọ́ kan ó gbá mi léjìká, ó ní, “Ìwọ lo láyà jù, ìwọ ni àkọ́kọ́.” Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, orí mi wú. Ẹni tó jáde sí mi láti Oké, ọmọ tó máa ń fi ọwọ́ kan gbé kẹ́ẹ̀gì omi ni. Wọn ò tíì pe “ó yá” tán tí iyanrìn fi kún ẹnu mi. A borí, mẹ́ta sí méjì. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n gbé lé èjìká. Nígbà tí ìyá mi ń fi omi ṣan etí mi nírọ̀lẹ́, ó ní ta ló borí? Mo ní àwa ni. Ó ní, “Ìwọ ńkọ́?”

Torí irú etí bẹ́ẹ̀ ni òfin fi wà: NCAA ní kí kóòṣì to àwọn ìbejì rẹ̀ bí agbára wọn bá ṣe tó. Òfin dáa. Ṣùgbọ́n ẹ wá wò ó: nínú àwọn ìbejì ilé kan náà, aláṣọ pupa borí aláṣọ dúdú, aláṣọ dúdú borí aláṣọ funfun, aláṣọ funfun ẹ̀wẹ̀ wá na aláṣọ pupa nítorí pé atẹ́gùn ń fẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Èwo ló gùn jù nínú wọn? Ohun tí kò ní òótọ́ kan ṣoṣo nínú ni òfin ní kí kóòṣì wá sọ òótọ́ lé lórí. Kóòṣì náà á sì fa ojú ro bí ìmáàmù ọjọ́ Jímọ̀, á ní bí òun ṣe rí i nìyẹn.

Kì í ṣe kóòṣì nìkan ló mọ̀ ọ́n tò. Lásìkò iṣu, ẹ lọ sí ọjà Bassila lọ́dọ̀ wa. Gìdìgbà-gìdìgbà ló ń wò yín lójú láti ìta; ẹ wá ṣí ọ̀kan kúrò, ẹ óò bá àwọn ọmọ ìka lábẹ́. Oníṣu á ní, “N kò parọ́ fún yín o, mo kàn tò ó ni.” Àwọn olóṣèlú wa náà mọ̀ ọ́n tò. Ilé aṣòfin Benin ní àga 109. Àmì ẹgbẹ́ ni à ń dìbò fún, àwọn tó to orúkọ sínú ìwé ló sì ti mọ ẹni tí yóò jókòó àti ẹni tó kàn wà níbẹ̀ kí ìwé lè kún.

Lọ́jọ́ Iléyá kan báyìí, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi yẹn jọ jókòó ti iyán. Mo rán an létí ọjọ́ odò. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Àbúrò, a ṣáà borí.”

Mo ní, “Ẹ̀yin lẹ borí, ẹ̀gbọ́n.”

Ó ní kí n má bínú. Ó sì mú ẹran tó tóbi jù nínú àwo, ó gbé e síwájú mi. Mo yí i padà. Eegun ni.