Òkúta Oníbodè

Kí n tó débi òkúta tí mo gbé kúrò níbi tí wọ́n gbé e sí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àwọn kéékèèké tó ṣáájú. Ní Kinkaku-ji, ilé oníwúrà tó wà létí adágún omi ní Kyoto, mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí bàbá mi ní Abẹ́òkúta: “Ẹ wo ilé tó ti lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún!” Alẹ́ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á pé ọ̀dọ́ àlùfáà kan dáná sun ilé náà ní 1950, pé 1955 ni wọ́n tó tún un kọ́. Bàbá tí mo ń fi ilé àtijọ́ yangàn fún, 1948 ni wọ́n bí wọn.

Ní tẹ́ńpìlì Ryoanji ńkọ́? Òkúta mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n tò sáàárín òkúta wẹ́wẹ́ funfun níbẹ̀, àmọ́ ibi yòówù kí o jókòó sí lórí pèpéle, ó kéré tán, ọ̀kan á sá pamọ́ fún ọ. Mo ní irọ́ ni, èmi á yà á pé. Mo gbé kámẹ́rà sójú, mo ń fẹ̀yìn rìn, mo ń kà: méjìlá, mẹ́tàlá… Nígbà tí màá fi ka mẹ́rìnlá, mo ti jókòó sórí itan ìyá àgbà kan. Ìyá yìí ló tún ń tẹrí ba fún mi, àfi bí ẹni pé òun ló gbé itan sójú ọ̀nà ìdí mi.

Tẹ́ńpìlì kékeré kan ni ọ̀rọ̀ ti wá bẹ́yìn yọ. Ewéko múlọ́múlọ́ tó ń bo ilẹ̀ tútù, èyí tí àwa ń ha dànù lára kànga, òun ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀ bí ọmọ tuntun. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́nu ọ̀nà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lo ẹsẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé. Mo gbọ́ràn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí èmi náà wà nínú fọ́tò. Bí mo ṣe wolẹ̀ báyìí, òkúta kan rèé láàárín ọ̀nà, kò ju ẹ̀ṣẹ́ àgbàlagbà lọ, wọ́n fi okùn dúdú dì í lágbèélébùú. Mo ní ẹrù ẹnìkan ló jábọ́. Mo gbé e, mo fi ti kámẹ́rà nídìí, mo ní kó máa ya fọ́tò fúnra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá. Ni mo bá yan wọlé.

Sekimori ishi lorúkọ òkúta yẹn, òkúta oníbodè. Ohun tó ń sọ ni pé ibí yìí kò ṣeé gbà. Kò sí ògiri, kò sí ìlẹ̀kùn, òun nìkan ni. Èmi tí bàbá bàbá mi ń so ìkarahun ìgbín pọ̀ mọ́ ìgbálẹ̀ fi pa ààlè sóko! Àlejò lójú, kò fi ríran.

Bí mo ṣe rọ oníbodè lóyè, àwọn ìyá arìnrìn-àjò bí ogún rí i pé ọ̀nà ti ṣí, wọ́n tò tẹ̀ lé mi. Ilé tíì ni gbogbo wa já sí, níbi tí àlejò mẹ́rin ti kúnlẹ̀ jẹ́jẹ́, tí ife wà lọ́wọ́ wọn.

Bàbá tó ń gbálẹ̀ figbe ta, ó sáré dé tòun ti ìgbálẹ̀. Mo fẹ́ ní “sumimasen”, kí wọ́n máà bínú. “Arigato” ló jáde. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń lé mi jáde. Nígbà tí èdè kọ̀, mo ṣe ohun tí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé máa ń ṣe: mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Orí ewéko yẹn ni. Igbe tí bàbá náà ké lẹ́ẹ̀kejì ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì. Mo dìde; ikùn mi, ìgbúnwọ́ méjèèjì àti orúnkún mi wà nílẹ̀ kedere.

Kámẹ́rà ò yéé ṣiṣẹ́ ní tirẹ̀. Ó ya ìlà àwọn ìyá, ó ya ìgbálẹ̀ lókè, ó ya àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ bàbá ni, tó ń bọ̀ wá mú òkúta rẹ̀. Èyí tó kù, ojú ọ̀run ni, fọ́tò mẹ́rìnlélógún.